Ẹ́ńjìnnì Tí Bàbá Mi Pààrọ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi, nígbà tí orí mi kò tíì ga ju ọwọ́ alùpùpù lọ, ìdí iṣẹ́ bàbá mi ní Ìlódè ni mo máa ń wà tí iléèwé bá ti parí. Mẹ́káníìkì alùpùpù ni wọ́n. Òórùn gírísì kì í kúrò lára wọn, bó ti wù kí wọ́n fi ọṣẹ dúdú wẹ̀ tó.

Bàbá nọ́ọ̀sì kan wà ní Ilare nígbà náà tó ń gun alùpùpù lọ sí àwọn abà lọ́nà Ìpetumodù, láti fún àwọn ọmọdé ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Tí àwa ọmọdé bá ti gbọ́ ìró alùpùpù yẹn báyìí, a ti sá wọlé. Lọ́dún kan, lásìkò òjò, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú pátápátá. Bàbá nọ́ọ̀sì tì í dé ọ̀dọ̀ wa, ẹrẹ̀ dé orúnkún wọn.

Wọ́n ní, “Ẹ jọ̀ọ́, kó ṣáà ti rìn. Àrùn èèyí ti wọ abà.”

Bàbá mi tú ẹ́ńjìnnì alùpùpù mìíràn tó ti já sí kòtò, wọ́n sì gbé e sínú ti nọ́ọ̀sì. Orí táyà àlòkù ni mo jókòó sí tí mò ń wò wọ́n. Nígbà tó dún, bàbá nọ́ọ̀sì dì mọ́ bàbá mi tòun ti gírísì. Ta ló ń bèèrè nígbà náà bóyá ẹ́ńjìnnì yẹn ló bá alùpùpù náà wá láti ilé-iṣẹ́ tó ṣe é?

Ẹ wá wo ayé òde òní. Bàbá nọ́ọ̀sì ti kú tipẹ́, ó ku ìyàwó wọn. Ojú ìyá náà ń ṣú, dókítà sì ní tí wọn kò bá tètè ṣiṣẹ́ abẹ, yóò fọ́. Wọ́n wá gbọ́ pé àwọn kan ń ṣa alùpùpù àtijọ́ jọ, owó gidi ni wọ́n sì ń san lórí èyí tí ẹnikẹ́ni kò yí nǹkan kan padà lára rẹ̀. Alùpùpù ọkọ wọn sì ṣì wà lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n ránṣẹ́ pè mí.

“Ọmọ Bàbá Mẹ́káníìkì, ẹnì kan ń bọ̀ láti Èkó wá wò ó. Wá bá mi dúró tì í.”

Ọ̀dọ́mọkùnrin ni ẹni tó wá rà á. Ó kúnlẹ̀, ó tan iná sábẹ́ ìjókòó, ó bú sẹ́rìn-ín.

“Ọ̀dà ilé-iṣẹ́ ló ṣì wà lára rẹ̀! Bàbá, èyí tó ti ṣá báyìí ló níye lórí. Ẹni tó bá tún un kùn ti bà á jẹ́.”

Ó wá nọ́ńbà ara férémù, egungun alùpùpù náà, kó lè fi wé ti ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n ìpẹtà ti jẹ ẹ́. Ó gbójú sókè wò mí.

“Ohun tí ẹ bá sọ ni mo máa gbà, sà. Ṣé ẹ́ńjìnnì tó bá a wá nìyí?”

Ìyá kọjú sí ibi tí ohùn mi yóò ti jáde.

Mo ní, “Rárá. Bàbá mi pààrọ̀ rẹ̀. Ìṣojú mi ni.”

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní tánkì epo àti iná iwájú nìkan lòun lè mú. Ìyá ní kó tú wọn. Owó rẹ̀ kò tó ìdajì ohun tí iṣẹ́ abẹ ń fẹ́. Mo tọ ìjọ lọ, mo tọ ẹbí lọ, ṣùgbọ́n kí a tó rí nǹkan gidi kó jọ, ojú náà ti lọ.

Mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún wọn pé kí wọ́n má bínú.

Wọ́n ní, “Ṣé kí o purọ́ ni? Àwọn ọmọ tí ọkọ mi fún ní abẹ́rẹ́ nígbà yẹn ti di bàbá, wọ́n ti di ìyá. Kò sí èyí tó wá kí mi rí nínú wọn.”

Ayé ti yí, ẹ̀yin ọmọ. Nígbà tiwa, ohun tó bá ń ṣiṣẹ́ là ń pè ní ohun iyebíye. Lónìí, ohun tí ọwọ́ kò kàn ni. N kò mọ èyí tí mo lè sọ fún yín pé kí ẹ dì mú. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, mo máa ń lọ jókòó ti ìyá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí n máa sọ ẹni tó ń kọjá fún wọn. Tẹ́lẹ̀, wọ́n máa ń bèèrè aṣọ tí ẹni náà wọ̀. Wọn kì í bèèrè mọ́.