Ọ́ìlì Ọ̀kadà Lórí Òkúta Tó Ń Mumi

Ẹ bá mi bínú, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, torí àgbàlagbà ló ṣẹ̀ mí.

Òkúta kan wà ní ṣọ́ọ̀bù mi n'Ílá tí mo fi ń pọ́n abẹ ìfági. Omi nìkan ló ń lò. A ó rì í sómi títí yóò fi mumi yó, kí a tó fa irin lé e lórí. Tí ọ́ìlì bá kàn án, ó dí pa nìyẹn. Omi ò ní wọlé mọ́, irin yóò kàn máa yọ̀ lórí rẹ̀. Mo wá irú rẹ̀ dé Èkó, mi ò rí.

Láàárọ̀ yìí, ẹ̀gbọ́n màmá mi, káfíńtà àtijọ́ ní Ọ̀rà, yà kí wa. Mo ti lọ wo pákó. Kí n tó dé, wọ́n ti da ọ́ìlì ọ̀kadà sórí òkúta náà.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ dà síbẹ̀?"

"Inú omi ni mo ti bá a! Ṣé o fẹ́ kí irin rẹ dípẹtà ni?"

"Omi ló ń lò, sà."

"Kí ìyá rẹ tó bí ọ ni mo ti ń pọ́n irin."

Màmá mi yọjú láti inú ilé: "O ò ní dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi?"

Mo dọ̀bálẹ̀.

Bí mo ṣe ń dìde, wọ́n ti ń fi àkísà wé òkúta náà.

"Màá gbé e lọ sí Ọ̀rà. Ìwọ ò mọ̀ ọ́n tọ́jú."

Òkúta mi ti lọ. Ta nínú yín ni ìbá gbà á padà lọ́wọ́ wọn? Ẹ má purọ́ o.