Bátìrì Kan fún Ajá Mọ́kàndínlógójì

Ọdún kẹtàlá rèé tí obìnrin kan ti ń tọ́jú àwọn ajá tí ẹni tó ni wọ́n ti lé síta. Àwọn aládùúgbò ń pè é ní Ìyá Alájá. Yẹ̀yẹ́ ni wọ́n fi ṣe níbẹ̀rẹ̀, ó wá di orúkọ. Ó ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún. Orúnkún ń dùn ún, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ kì í kúrò nínú omi ọṣẹ láti àárọ̀ dalẹ́.

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ajá mẹ́ta dàwátì. Mọ́kàndínlógójì ló kù. Ó bá ránṣẹ́ pe ọkọ àbúrò rẹ̀, tó jẹ́ oníṣẹ́ iná, pé kó wá wo bí wọ́n ṣe lè ṣọ́ ọgbà tí àwọn ajá náà ń gbé. Iná ìjọba kì í débẹ̀. Sólà kékeré kan àti bátìrì kan ni gbogbo ohun tí wọ́n ní.

Oníṣẹ́ iná yẹ bátìrì náà wò, ó mirí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, bátìrì yìí ti darúgbó o."

"Àwa méjèèjì ni."

"Bí mo bá so kámẹ́rà mẹ́rin tí ẹ fẹ́ yìí mọ́ ọn, fíríìjì oògùn á kú kílẹ̀ tó mọ́. Ẹ mú ọ̀kan."

"Abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ajá ya dìgbòlugi ló wà nínú fíríìjì yẹn. Kò ṣeé pa."

"Ó dáa. Gílóòbù kan péré ni ká fi síbi tí olè ń gbà wọlé, irú èyí tó jẹ́ pé bí èèyàn bá kọjá ló tó ń tàn. Ibo ló ń gbà?"

Obìnrin náà ò mọ̀. Wọ́n bá yí ọgbà ká, ó ń fọwọ́ ti ògiri rìn. Búlọ́ọ̀kù kan ò yẹ̀, wáyà ò já. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wà ní títì, kò sẹ́ni tó já a.

"Gbogbo ajá yìí, kò sí èyí tó gbó?" ni oníṣẹ́ iná bi í.

Ìyá Alájá wá jókòó sórí korobá tí wọ́n dojú ẹ̀ dé. Ajá kì í gbó mọ́ ẹni tó ń fún un lóúnjẹ. Yàtọ̀ sí òun, ẹnì kan ṣoṣo ló ní kọ́kọ́rọ́: ọkùnrin tó bá a ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́sàn-án, tí ẹ̀yìn ríro mú kó fiṣẹ́ sílẹ̀ lóṣù tó kọjá. Ọkàn rẹ̀ ti sọ ọ́ fún un tipẹ́. Kò kàn fẹ́ gbọ́ ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gba ilé ọkùnrin náà lọ. Èébú kún un lẹ́nu. Ó bá ajá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́yìnkùlé, wọ́n sanra, ara wọn ń dán.

"Ẹ má bínú, mà," ni ọkùnrin náà wí, kò lè gbójú sókè. "Mi ò tà wọ́n o. Látìgbà tí mo ti jókòó sílé, ibí dá páropáro. Ọwọ́ mi ni àwọn mẹ́ta yìí dàgbà sí."

"Ẹnu la fi ń tọrọ nǹkan. A kì í fi kọ́kọ́rọ́ tọrọ."

Ó fẹ́ sọ̀rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ agbára ò sí. Ó gba kọ́kọ́rọ́, ó fi ajá sílẹ̀ fún un. Ẹ̀ẹ̀mejì ló jókòó sinmi lójú ọ̀nà kó tó délé.

Oníṣẹ́ iná so gílóòbù kan ṣoṣo náà mọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Fíríìjì ń ṣiṣẹ́ lọ.

Nígbà tó di Sátidé, ọkùnrin náà kan ilẹ̀kùn iwájú, ó lóun wá bá wọn fọ abọ́ ajá. Ìyá Alájá wò ó títí. Ó ti búrọ́ọ̀ṣì kan sí i, ó sì fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó lè ríbi jókòó.