Oníbodè Tó Kọ̀ Láti Kú

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni obìnrin kan fi bá òǹkọ̀wé kan ṣiṣẹ́, kò sì sí ẹnì kan nínú gbogbo àwọn tó ń ka ìwé ọ̀gá náà tó mọ̀ pé obìnrin náà wà láyé. Iṣẹ́ ẹ̀ ni pé kó tẹ ohun tí ọ̀gá bá fọwọ́ kọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé iṣẹ́ kékeré nìyẹn, ó hàn pé ẹ ò tíì rí ìkọ̀wé ọ̀gá. Bí ọ̀pọ̀lọ́ bá ti ẹsẹ̀ bọ yíǹkì, tí ejò wá ń lé e lórí bébà, ìkọ̀wé ọ̀pọ̀lọ́ á ṣì ṣeé kà ju ti ọ̀gá lọ. Ọ̀gá fúnra ẹ̀ kì í lè kà á mọ́ tó bá ti di ọjọ́ kejì. Obìnrin yìí nìkan ló ń kà á, ìdí nìyẹn táwọn ará ilé-iṣẹ́ tó ń gbé ìwé náà jáde fi ń pè é ní Ojú Ọ̀gá. Ọkọ ẹ̀, tó jẹ́ káfíńtà, ní orúkọ tiẹ̀ tó ń pè é: Ìyàwó Ọba. Ó ní ta ló tún kù láyé tó ń bá ọba ṣeré látàárọ̀ ṣúlẹ̀, tó wá ń padà wálé wá bá káfíńtà jẹun?

Ìwé mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni ọ̀gá kọ, wọn ò sì jọra. Ẹni tó bá ka èyí tó dá lórí ogun iyọ̀, níbi tí ìlú méjì ti para wọn tán nítorí kànga kan, á búra pé ọ̀gá ò rẹ́rìn-ín rí. Ẹni tó bá wá ka èyí tí ìlú kan ti máa ń dìde lọ́dún méje-méje, tó ń ká títì bí ẹni tó ń ká ẹní, tó ń lọ tẹ̀dó síbòmíràn láì sọ fáwọn tó ń gbé inú ẹ̀, á ní kí wọ́n lọ yẹ orí ọkùnrin náà wò. Ó kọ ti àwọn arábìnrin mẹ́ta tó ń yá ara wọn ní òjìji. Ó kọ ti adájọ́ tó ń gun ìbaaka arọ kiri abúlé. Bó bá jẹ́ ìtàn àtijọ́ ni, ó lè fi oṣù mẹ́ta wádìí irú bàtà tí ọmọ ogun ń wọ̀. Bó bá jẹ́ ìwé ìyanu, ìlà kan ṣoṣo ló máa fi fún ẹja ní ìyẹ́ apá, á sì máa bá ọ̀rọ̀ ẹ̀ lọ bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan.

Ọgbọ́n tó fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀ kò ju àga lọ. Láàárọ̀, á jókòó sórí àga gíga nídìí tábìlì tó kọjú sí fèrèsé, ìtàn àtijọ́ ló ń kọ níbẹ̀. Lọ́sàn-án, á kọjá sórí àga kúkúrú kan tó wà ní kọ̀rọ̀, á gbé pátákó lé orúnkún, ìwé ìyanu ló kàn nìyẹn. Ọ̀kan kì í dé ọ̀dọ̀ èkejì. Lọ́jọ́ kan tí àlejò lọ fìdí lé àga kúkúrú náà, odidi ọ̀sán ni ọ̀gá fi ń rìn yí ilé ká bí adìyẹ tó fẹ́ yé ẹyin tí kò rí ìtẹ́.

Lọ́dún tó kọjá, ìgbàgbé bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọ̀gá. Dókítà ò fi ọ̀rọ̀ pa mọ́ fún Ojú Ọ̀gá àti ọmọbìnrin ọ̀gá, tó jẹ́ apòògùn: ohun tó ń lọ yìí ò ní padà, bóyá ọdún kan ló kù kí bàbá gbàgbé pé òun tilẹ̀ ń kọ̀wé. Ìwé kan sì wà nílẹ̀. Ìtàn oníbodè kan ni, obìnrin tó di ẹnubodè ìlú ẹ̀ mú fún ogójì ọjọ́ nígbà tí gbogbo ọkùnrin ti sá, tí ọfà sì pa á lọ́jọ́ ogójì gan-an. Ọdún mọ́kàndínlógún ni ọ̀gá fi ṣa ìtàn náà jọ nínú ìwé àtijọ́. Orí mẹ́sàn-án ti parí, ọfà ti ba oníbodè, ó ku orí mẹ́ta tí ìlú máa fi mọ ẹni tí wọ́n pàdánù. Ohun kan ṣoṣo tí Ojú Ọ̀gá ń fẹ́ láyé ni kí ọ̀gá parí ẹ̀ nígbà tó ṣì mọ̀ pé tòun ni.

Ọmọ ọ̀gá náà ń fẹ́ ire. Ká ní ìkà ni, ìbá rọrùn láti bínú sí i. Ó rí i tí bàbá ẹ̀ fẹ́ dìde lórí àga kúkúrú, tó ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí Ojú Ọ̀gá dé ibi iṣẹ́, kọ̀rọ̀ ti ṣófo.

"Àǹtí, mo ti bá yín gbé wàhálà yẹn kúrò," ni ọmọ náà wí tayọ̀tayọ̀. "Àwọn akólẹ̀ ti gbé e lọ."

"Wọ́n gbé ta ni lọ?"

"Àga ni mò ń wí, Àǹtí. Ṣé èèyàn ni?"

 Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ ṣàlàyé fún apòògùn pé odidi ìlú kan àti ẹja abìyẹ́ ló bá akólẹ̀ lọ?

Wọn ò tilẹ̀ bá akólẹ̀ lọ. Ìbá sàn. Ìdí tábìlì ìtàn àtijọ́ ni wọ́n kó wá. Nígbà tí ọ̀gá gbé orí kẹwàá fún Ojú Ọ̀gá, ìlà àkọ́kọ́ ni pé oníbodè dìde, ó gbọn eruku aṣọ ẹ̀, ó sì bi ilẹ̀kùn bodè pé ta ló wọlé nígbà tí òun sùn. Ilẹ̀kùn dá a lóhùn. Ọ̀rọ̀ sì pọ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn náà.

"Ọ̀gá, oníbodè ti kú o."

"Ó kú? Nígbà wo?"

"Ní ìparí orí kẹsàn-án, ọ̀gá."

"Yéè! Ta ló pa á?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Èmi?" Ọ̀gá gbé bírò sílẹ̀. "Kí ló ṣe mí?"

Ó bẹ Ojú Ọ̀gá pé kó má bínú, bí ẹni pé ìyá tó bí i lòun pa. Lọ́jọ́ kejì, ó kọ orí kẹwàá mìíràn. Oníbodè dìde. Lẹ́ẹ̀mẹfà ló dìde láàárín oṣù kan, ó ń le sí i ni. Ní ìgbà ìkẹfà ó ti ń rojọ́ ọfà fún ilẹ̀kùn.

Káfíńtà dá sí ọ̀rọ̀ náà. Ó kan àga kúkúrú mìíràn, ìwọ̀n kan náà, igi kan náà, ó sì fi bébà oníyanrìn họ ọ́ kó lè jọ ti àtijọ́. Ọ̀gá yí i ká lẹ́ẹ̀mejì, ó yìn ín, ó dúpẹ́ gan-an, ó sì gbé ife tíì ẹ̀ lé e lórí.

"Ìyàwó Ọba," ni ọkọ wí nígbà tí wọ́n ń lọ sílé, "mo lè kan àga. N ò lè kan ìdí tó ń jókòó lé e."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ọ̀hún ò sì dé ojú.

Olóòtú ilé-iṣẹ́ ìwé wá pè é lórí fóònù. Ọmọlúàbí ni, ó kọ́kọ́ kí i kí ọkọ, kí ọmọ, kó tó sọ tẹnu ẹ̀. "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin lẹ mọ ohùn bàbá ju bàbá lọ. Ẹ bá wa parí ẹ̀. Ta ló máa mọ̀?"

"Èmi á mọ̀."

"Yàtọ̀ sí ẹ̀yin, mà."

Ó kọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ọ̀gá bi í pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe nínú ilé òun. Ọjọ́ yẹn ni Ojú Ọ̀gá fúnra ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orí kẹwàá. Ọjọ́ mẹ́wàá ló fi kọ ọ́. Kò fi ọ̀rọ̀ kankan sí i tí kò tíì bá lọ́wọ́ ọ̀gá rí. Bí ọ̀gá ṣe ń gé gbólóhùn kúrú nígbà tí ìbànújẹ́ bá dé, bẹ́ẹ̀ lòun náà ṣe. Ó jẹ́ kí oníbodè kú. Àwọn ọkùnrin tó sá padà wálé, wọ́n bá ẹnubodè ní títì, kò sì sí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí i. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ẹnu ya òun fúnra ẹ̀. Ó dára.

Lọ́jọ́ Ẹtì, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ó jókòó kà á fún ọ̀gá. Àṣà wọn ni: ohun tí ó bá tẹ̀ lọ́sẹ̀, á kà á sókè, ọ̀gá á dijú gbọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí kẹsàn-án, kó lè wọnú ara wọn láì fojú hàn. Ọ̀gá ń mirí. Ọfà ba oníbodè. Ọ̀gá mirí. Ojú Ọ̀gá ṣí ojú ìwé, ó kọjá sínú orí kẹwàá. Kò tíì ka ìlà mẹ́ta tí ọ̀gá gbé ọwọ́ sókè.

"Dúró. Ta nìyẹn?"

"Oníbodè ni, ọ̀gá."

"N ò bi ọ́ léèrè oníbodè. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ni mò ń bi ọ́."

Ojú Ọ̀gá ò gbé ojú kúrò nínú ìwé. "Ẹ̀yin ni, sà."

"Rárá o." Ọ̀gá la ojú. Ojú ẹ̀ mọ́ kedere, bí ojú ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. "Ẹni yìí ń ṣàánú ẹnì kan. Ó ń rọra rìn, kó má baà jí olókùnrùn. Èmi kì í rọra rìn." Ó wá fi sùúrù kún un, kó má baà dun ẹni ẹlẹ́ni: "Bá mi kí i. Ó mọ̀ ọ́n kọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwé tèmi."

Ọkùnrin tí kò mọ̀ pé òun pa oníbodè, tí kò mọ orúkọ ọmọ ẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ló mọ̀ pé gbólóhùn kan kì í ṣe tòun. Ìwé ti lọ, etí tó ń gbọ́ ọ ló kù. Obìnrin náà fa kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀, ó pa gbogbo orí kẹwàá rẹ́, kò fi ẹ̀dà kan pa mọ́.

"Ó dáa, ọ̀gá. Báwo ló ṣe yẹ kó lọ? Ẹ sọ ọ́, kí n máa tẹ̀ ẹ́."

Ọ̀gá tẹ̀ síwájú. Ẹnu ẹ̀ ṣí. Ó gbé ìka kan sókè, bó ṣe máa ń gbé e láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí gbólóhùn bá ti dé ẹnu ọ̀nà, Ojú Ọ̀gá sì sún mọ́ bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà.

"Ó wà níbẹ̀," ni ọ̀gá wí. "Mò ń wò ó. Má sọ̀rọ̀."

 Ìka ọ̀gá wà lókè. Oòrùn kúrò lórí tábìlì, ó bọ́ sílẹ̀, ó ń lọ sí ara ògiri. Apòògùn gbé oògùn wọlé, ó wo àwọn méjèèjì, ó rọra gbé omi sílẹ̀, ó sì dúró ti ilẹ̀kùn.

"Má sọ̀rọ̀ o," ni ọ̀gá tún wí, ìka ẹ̀ ṣì wà lókè, gbólóhùn náà ò tíì dé.