Irinwó Búlọ́ọ̀kù Ó Dín Kan

Òórùn sìmẹ́ǹtì tútù ni mo fi mọ ilé wa ní Ìgàndò. Kí n tó dé ẹnu géètì ni yóò ti kí mi káàbọ̀, nítorí ẹ̀bá ilé náà ni màmá mi ti ń ṣe búlọ́ọ̀kù tà. Òórùn yẹn a máa bá mi dé kíláàsì, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi sì sọ mí ní "Ọmọ Oníbúlọ́ọ̀kù". Mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín bí ẹni pé kò dùn mí. Ó dùn mí ṣá.

Màmá mi kì í fi ìlà búlọ́ọ̀kù ṣeré. Ogún ìlà, ogún búlọ́ọ̀kù ní ìlà kọ̀ọ̀kan, irinwó géérégé. Bí ẹyọ kan bá fọ́ ní ìlà ìgbẹ̀yìn, wọn kò ní jẹ́ kí ó wà ní wúruwùru. Wọ́n á ní, "Kó mọ́kàndínlógún tó kù yẹn, fi ẹyọ kọ̀ọ̀kan kún àwọn ìlà iwájú." Ìlà á di mọ́kàndínlógún, búlọ́ọ̀kù mọ́kànlélógún á wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ á sì tún gún régé. Wọ́n ní oníbàárà kì í gbẹ́kẹ̀ lé ẹni tí ìlà rẹ̀ bá wọ́. Èmi tí mò ń rù ú máa ń kùn sínú, torí Sátidé mi ló ń bá a lọ.

Mo wà ní SS2 nígbà tí ààyè kan ṣoṣo ṣẹ́ kù nínú àwọn tí yóò ṣojú ilé ìwé wa níbi ìdíje ìṣirò. Mo fẹ́ ààyè yẹn débi pé mo ń fi lálàá. Olùkọ́ ìṣirò wa kọ 359,999 sójú pátákó.

"Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí nọ́ńbà tó pín in láìṣẹ́ kù ló ni ààyè náà. Mi ò fẹ́ oókan, mi ò sì fẹ́ òun fúnra rẹ̀. Kò sí kalukulétọ̀ o!"

Bírò ń sáré lórí ìwé. Wọ́n fi mẹ́ta pín in, ó ṣẹ́ kù. Wọ́n fi méje, ó ṣẹ́ kù. Mọ́kànlá, bákan náà. Ọmọkùnrin tó máa ń gba ipò kìíní ju bírò sílẹ̀: "Sà, kò sí nọ́ńbà tó lè pín eléyìí jàre."

Mo tẹjú mọ́ pátákó títí ó fi di àgbàlá wa lójú mi. Ẹgbẹ̀ta ìlà, ẹgbẹ̀ta búlọ́ọ̀kù ní ìlà kọ̀ọ̀kan, 360,000 nìyẹn. Ẹyọ kan péré ló fọ́. Mo tú ìlà ìgbẹ̀yìn ká nínú ọkàn mi, mo fi ẹyọ kọ̀ọ̀kan kún àwọn yòókù, mo bá dìde.

"Sà, ìlà 599 ni, 601 ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan."

Olùkọ́ ṣe ìsọdipúpọ̀ náà lójú gbogbo wa. Ó jẹ́ 359,999 géérégé, ó wá yíjú sí mi: "Ta ló kọ́ ẹ?"

Mo fẹ́ẹ̀ sọ pé inú ìwé ni mo ti kà á. Irọ́ náà ti dé ètè mi. Ṣùgbọ́n ojú màmá mi wá sí mi lọ́kàn. "Màmá mi ni, sà. Búlọ́ọ̀kù ni wọ́n ń ṣe." Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ààyè náà di tèmi.

Nígbà tí mo ròyìn délé, màmá mi yanu sílẹ̀: "Ohun tí o máa ń kùn sí yẹn náà, àbí òmíràn?"

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, àwọn àgbà ò parọ́. Èmi náà ti di olùkọ́ ìṣirò ní Ẹ̀gbẹ́dá báyìí. Ìwé ní orúkọ gbọọrọ tó ń pe ọgbọ́n yẹn, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní orúkọ náà, ṣùgbọ́n mo máa ń kọ́kọ́ sọ ẹni tó kọ́ mi fún wọn. Wọ́n ti wá ń pè mí ní "Ọmọ Oníbúlọ́ọ̀kù" lẹ́yìn mi. Mo ń gbọ́ wọn, mo sì máa ń dáhùn kí wọ́n tó pè é tán.