Ohùn Tó Ń Retí Àmín

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tọ́rọ́ kan ló ń ra búrẹ́dì tí èmi àti àbúrò mi obìnrin yóò jẹ, tí yóò tún ṣẹ́kù. Lánàá, ní ọjà Ìkòtún, iye tí wọ́n pe búrẹ́dì kan ju gbogbo owó tí bàbá mi ná lórí ọdún àkọ́kọ́ mi ní yunifásítì lọ. Àdúrà nìkan ni kò tíì gbówó lórí. Bóyá ìdí nìyẹn tí a fi ń ṣe é bí ẹni tó ń lé eṣinṣin.

Ẹ̀yin ọmọ mi, oko ni Ìgándò nígbà náà. Kí a tó jáde, ìyá bàbá wa yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà, yóò ní, "Olúwa yóò pa àlọ àti àbọ̀ yín mọ́." Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin máa ń ṣe àmín kí ó tó sọ ọ́ tán.

"Kí lo gbà yẹn?" ni ìyá àgbà máa ń bi í. "Ṣé o gbọ́ ohun tí mo wí ni?"

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, àwa mẹ́ta ń lọ sóko. Kùrukùru bolẹ̀ débi pé mi ò rí ẹsẹ̀ ara mi. Bí a ṣe dé etí àbàtà tó wà lọ́nà Ìjẹ̀gùn, a gbọ́ ohùn obìnrin kan, jẹ́jẹ́: "Olúwa yóò pa àlọ àti àbọ̀ rẹ mọ́." Ó wá dákẹ́, bí ẹni tó ń retí nǹkan. Kò sí ẹyẹ tó dún.

Àbúrò mi la ẹnu. Ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ bò ó. "Má dáhùn jàre! Bí òkú bá súre fún ọ, tí o ṣe àmín, o ti gbà láti tẹ̀ lé e nìyẹn."

Wọ́n ti kọ́ wa pé a kì í jẹ́ ìpè ẹni tí a kò rí. Wọ́n sì ti kọ́ wa pé a kì í jẹ́ kí àdúrà bọ́ sílẹ̀ láìní àmín. Ohùn náà tún sọ ọ́, ó tún dúró. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ó ti ń rẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń gbọ́ láti kékeré, ọjọ́ náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi: ẹni tó lọ lè máà bọ̀. Mo kígbe, "Àmín!"

"O ti pa wá!" ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

Ohùn mìíràn, tó há, dáhùn láti inú àbàtà: "Ta nìyẹn? Ẹ gbà mí o!"

Arúgbó kan tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé wa ni, ẹrẹ̀ ti gbé e mì dé àyà. A fi igi gbọọrọ fà á jáde.

"Ìyá, àdúrà yín yẹn dẹ́rù bà wá o," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

Ó wò wá. "Àdúrà wo? Láti ìdájí ni ohùn mi ti há. Mo ṣe bí ẹ̀yin lẹ ń súre fún mi ni. Mo fẹ́ ṣe àmín, kò jáde. Ìgbà tí mo gbọ́ àmín yín ni ọ̀fun mi là."

A di apá rẹ̀ mú. A rìn wálé láìbojú wẹ̀yìn.

Wọ́n ti rọ́ yanrìn sí àbàtà náà, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló wà lórí rẹ̀ báyìí. Ìyá àgbà ti lọ. Arúgbó yẹn tún lo ọdún méje sí i kó tó kú. A sin ẹ̀gbọ́n mi lọ́dún tó kọjá. Àbúrò mi wà láyé, ní Ìpájà, ṣùgbọ́n iyè rẹ̀ ti ń ra. Lọ́jọ́ Àìkú, mo bi í bóyá ó rántí ohùn yẹn.

"Ohùn wo, bọ̀ọ̀dá mi?"

Ó wá ku èmi nìkan tó gbọ́ ọ.