Ibi Tí Odò Wear Ti Bẹ̀rẹ̀

Èmi ni mo gé e. Ẹ̀rọ kọ́. Ọwọ́ ara mi ni mo fi gé orísun odò kúrò lára máàpù bàbá kan, mo sì gbá a mọ́ ìdọ̀tí.

Ṣọ́ọ̀bù fọ́tòkọ́pì kan ní Ìlare ni mo ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí mo ti fi ilé ìwé girama sílẹ̀. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì ní yunifásítì máa ń wá sọ́dọ̀ wa. Lọ́jọ́ kan, wọ́n mú máàpù kan wá pé kí n bá àwọn ṣe láminéètì rẹ̀, kí n fi náílọ̀n bò ó kó má baà bàjẹ́. Máàpù odò kan ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, Wear lorúkọ odò náà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kàwé nígbà èwe, àwọn àti ìyàwó wọn sì jọ fẹsẹ̀ rin odò náà láti orí òkè títí dé òkun. Àwọn méjèèjì ló fi pẹ́ńsù ya máàpù náà: bàbá ya odò, ìyàwó ya orísun. Ìyàwó ti kú báyìí.

"Wò ó," wọ́n fi ìka tọ̀ ọ́. "Lápá òsì níbí, láàárín àwọn òkè, odò kékeré méjì pàdé. Ó forí lé ìlà-oòrùn, ó tún wá yà sí àríwá. Tó bá dé Durham, á lọ́ yí àpáta tí ṣọ́ọ̀ṣì ńlá wà lórí rẹ̀ ká, bíi pé ó gbàgbé nǹkan síbẹ̀. Sunderland ló ti wọ òkun."

"Bàbá, odò yín yìí mà ń ṣe fàájì o!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Má gé e o. Bí kò bá wọ náílọ̀n, dúró dè mí."

Kò wọ̀ ọ́. Níbi iṣẹ́ wa, ohun tí kò bá wọ náílọ̀n, etí rẹ̀ là ń gé. A ti gé ìwé ẹ̀rí ọ̀pọ̀ èèyàn bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni ò bínú. Èèyàn pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, epo jẹnẹrétọ̀ ń tán lọ. Lápá òsì, ìlà pẹ́ńsù tín-ín-rín bí irun ni mo rí. Wọ́n ti fi hàn mí, mi ò kọbi ara sí i. Mo gbé rúlà lé e, mo fa bíléèdì.

Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n wò ó títí.

"Ibi tí ìyàwó mi yà dà?"

"Ẹ̀rọ ló jẹ ẹ́, sà."

Wọ́n gbé e sábẹ́ apá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Ó dáa. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ẹ̀rọ jẹ ọ́ lọ́wọ́."

Mo ṣe àmín. Àmín yẹn ṣì korò lẹ́nu mi.

Lóṣù tó kọjá, wọ́n tún gbé e wá. Ọwọ́ wọn ti ń gbọ̀n, wọ́n ní kí n bá àwọn ya orísun náà sórí ìwé mìíràn, kí n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn.

"Rọra o, má jẹ́ kó nípọn. Ọwọ́ obìnrin ló yà á."

Mo yà á. Wọ́n gbé e súnmọ́ ojú. "Ó fẹ́ jọ ọ́, ọmọ mi."

Kò jọ ọ́ rárá. Èmi ni mo mọ̀, torí èmi ni mo rí i kẹ́yìn.

Wọ́n ṣì ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà wa, wọ́n sì ń kí mi. Gbèsè gbólóhùn kan ni mo jẹ wọ́n, èyí tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀yin ti kà á. Àwọn ò tíì gbọ́ ọ.