Ohun Tó Ń Ba Oníkùukùu Lẹ́rù

Òórùn sìmẹ́ǹtì tútù ló máa ń gbé àdúgbò Lotto ní Mowe wá sọ́kàn mi. Ìwọ náà tó o ti gbé Mowe rí mọ̀ ọ́n: kò sí àdúgbò tí wọn kì í ti í kọ́lé, àwọn bíríkìlà kì í sì í sinmi àfi tí òjò bá lé wọn. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, wọ́n ń rẹ́ ilé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí mo háyà. Òórùn náà á gba ojú fèrèsé wọlé, á dà pọ̀ mọ́ ti ìpara tó ń ta sánsán tí màmá mi fi ń ra orúnkún. Ìgbà ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ ni, iléèwé aládàáni tí mo ti ń ṣe tíṣà ti gba ọlidé. Màmá mi wá gbé lọ́dọ̀ mi torí pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún un. Wọ́n fi bándéèjì bo ojú kan, èkejì ò sì ríran dáadáa. Dókítà ní kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ gbé ohun tó wúwo, kò sì gbọ́dọ̀ wo tẹlifíṣọ̀n.

Kí n sọ òótọ́ fún ẹ, ara mi ò balẹ̀ nígbà tó dé. Èmi àti màmá mi kì í jà rárá. Ọ̀wọ̀ ló wà láàárín wa, ọ̀wọ̀ tó mọ́ tónítóní bí àwo inú kọ́bọ́ọ̀dù tí ẹnikẹ́ni kì í fi jẹun. Bàbá mi ti kú kí n tó mọ ojú rẹ̀. Èmi àti màmá mi nìkan là ń gbé yàrá kan ní Ajuwon nígbà tí mo wà ní kékeré. Ilé búrẹ́dì ló ti ń ṣiṣẹ́, ìyẹ̀fun kì í sì í tán lára aṣọ rẹ̀. Kò pẹ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló di ẹrù mi sínú báàgì kan, ó mú mi lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní Ifo. Ó dúró jìnnà sí mi lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Mò ń bọ̀." Kò fọwọ́ kàn mí. Ó yí padà, ó ń lọ. Mo ti ń múra àtiwọ iléèwé girama kó tó wá mú mi. Ẹ̀gbọ́n màmá mi tọ́jú mi, ebi ò pa mí, ẹnikẹ́ni ò lù mí, àmọ́ ẹnikẹ́ni ò sọ ìdí rẹ̀ fún mi, èmi náà ò sì béèrè. Ọmọ tí wọn ò bá sọ ìdí nǹkan fún, á wá ìdí fúnra rẹ̀, èyí tó bá sì rí kì í sábà dáa. Èyí tí mo rí ni pé mo wúwo lọ́rùn ìyá mi, ó sì fẹ́ kí ọrùn òun fúyẹ́.

Ní Ifo yẹn náà ni mo ti bá àwọn iwin pàdé. Tíṣà wa kan ní kọ́bọ́ọ̀dù ìwé tó máa ń ṣí fún ọmọ tó bá jókòó jẹ́ẹ́. Inú rẹ̀ ni àwọn ìtàn òyìnbó tó nípọn bíi búlọ́ọ̀kù wà: ìtàn àwọn ẹ̀dá gíga, arẹwà, tí etí wọn rí ṣóńṣó, tí wọ́n ń gbé inú igbó, tí wọn kì í darúgbó, tí wọn kì í kú. Àwọn òrìṣà kan á wà lẹ́yìn òkè, wọ́n á máa fi wọ́n ṣeré bí ẹni ń ta ayò. Ogun inú rẹ̀ ò jẹ́ nǹkan kan lójú mi. Ìdí ni mo máa ń wá. Kí ló dé tí òrìṣà yìí fi kẹ̀yìn sí àwọn tó dá? Kí ló dé tí àwọn tí kì í kú fi ń ran ọmọ aráyé lọ́wọ́, nígbà tí wọ́n mọ̀ pé àwọn ló máa sin wọ́n? Nígbà tí mo dàgbà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ tèmi ní Yorùbá. Mo pe àwọn ẹ̀dá náà ní iwin, mo fi wọ́n sínú igbó tó jọ èyí tó wà lẹ́yìn Ifo, mo sì ń fi ìpín kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí àwọn òǹkàwé lórí fóònù lọ́jọọjọ́ Àìkú. Wọ́n pọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ.

Òrìṣà kan wà nínú ìtàn náà, Oníkùukùu lorúkọ rẹ̀. Òun ló ni ìkùukùu tó ń bo orí òkè láàárọ̀. Ó bí ọmọbìnrin kan fún ọkùnrin iwin. Ọmọ náà ṣì kéré tó fi gbé e sọdá sí òdìkejì òkè, ó fi ìkùukùu dí ọ̀nà, kò sì sí ẹni tó lè gbà á kọjá mọ́. Ọmọ náà dàgbà, ó kó àwọn iwin jọ, wọ́n ń bọ̀ wá fa ìyá rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lórí ìtẹ́. Àwọn òǹkàwé mi kórìíra Oníkùukùu débi pé wọ́n ń kọ̀wé sí mi: "Àǹtí, ẹ má jẹ́ kó tètè kú o. Ẹ jẹ́ kó jìyà dáadáa." Inú mi ń dùn. Ìpín tó kẹ́yìn nìkan ló kù.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ti lé àwọn bíríkìlà lọ, ó sú màmá mi láti máa jókòó láìṣe nǹkan kan. Ó ní, "Kí lo ń tẹ̀ lórí fóònù látàárọ̀? Kà á sókè ká jọ gbọ́."

Mo ní ìtàn lásán ni. Ó ní ṣé òun sọ pé òun ò fẹ́ ìtàn ni. Àmọ́ bí mo ṣe dárúkọ òrìṣà báyìí, ó na ẹ̀yìn ṣánṣán lórí àga.

"Ẹ̀jẹ̀ Jésù! Òrìṣà kẹ̀? Nínú ilé tí mo ti ń gbàdúrà?"

"Èmi ni mo hun ún, mà. Kò sẹ́ni tó ń bọ ọ́."

Ó rò ó díẹ̀. "Tí kò bá ti sẹ́ni tó ń bọ ọ́. Ó yá, máa kà á."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lójoojúmọ́, tá a bá ti jẹun ọ̀sán tán, màá jókòó sórí àpótí lẹ́sẹ̀ rẹ̀, màá sì kà á fún un. Mo rò pé á máa sùn lọ, àmọ́ màmá mi kì í gbọ́ ìtàn kó dákẹ́. Tí ẹnikẹ́ni bá ti wọ inú ìtàn náà, á bi mí pé: "Kí lèyí ń wá?" Àgbà iwin kan wà tó ń kọ́lé fún ọmọ aráyé láti ìran dé ìran. Mo ti kọ ọ́ pé ìgbéraga ló ń ṣe é, pé ó fẹ́ kí wọ́n máa yìn ín. Màmá mi mi orí. "Rárá o. Ẹni tí kì í kú, ta ni yóò sunkún rẹ̀ láé? Ó ń wá ẹni tí yóò ṣàárò òun ni." Mo wo bándéèjì ojú rẹ̀, mo pa ohun tí mo kọ rẹ́, mo sì fi tirẹ̀ sí i. Èmi fúnra mi mọ̀ pé kò sóhun tó dáa tó o nínú gbogbo ìtàn náà.

Nígbà tó yá, a dé orí Oníkùukùu. Mo kà á bó ṣe gbé ọmọ náà kalẹ̀, bó ṣe yí padà láìwẹ̀yìn. Màmá mi ò sọ nǹkan kan títí mo fi parí. Lẹ́yìn náà ló béèrè ìbéèrè rẹ̀.

"Kí lèyí ń wá?"

"Ìjọba ni, mà. Ẹ̀rù ń bà á pé ọmọ náà á gba ìtẹ́ lọ́wọ́ òun."

"Ìjọba lórí ta? O sọ pé òun nìkan ló jókòó sórí òkè yẹn. Ẹni tó fẹ́ jọba kì í lé èèyàn, ó ń kó wọn jọ ni." Ó fọwọ́ tọ́ bándéèjì ojú rẹ̀ díẹ̀. "O ò tíì bi òrìṣà yìí léèrè ọ̀rọ̀. O kàn dá a lẹ́jọ́ ni."

Inú bí mi. Mi ò mọ ìgbà tí ẹnu mi là. Mo ní, "Ṣé ọmọ ló yẹ kó máa béèrè ni, mà?"

Òjò ti dá, omi ṣì ń kán láti orí páànù. Mo mọ̀ pé a ti kúrò nínú ìtàn, òun náà sì mọ̀. Ó na ọwọ́, ó ń wá orí mi kiri nínú afẹ́fẹ́ títí ó fi bà á, ó sì fi ọwọ́ lé e.

"Àìsàn tó pa bàbá ẹ," ó ní, "ikọ́ ife ni. Èmi ni mo tọ́jú ẹ̀. Nígbà tó yá, èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́. Lọ́jọ́ tí mo rí ẹ̀jẹ̀ nínú áńkáṣíìfù mi, orí bẹ́ẹ̀dì kan náà lèmi àti ìwọ jọ ń sùn. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo mú ẹ lọ sí Ifo."

Ó ní òun ò lè sọ fún ẹnikẹ́ni, torí ta ló máa jẹ́ kí oníkọ́ ife po ìyẹ̀fun? Wọ́n fún un ní oògùn tó máa lò fún oṣù púpọ̀. Ara rẹ̀ yá díẹ̀, ó dá oògùn náà dúró, àìsàn náà padà wá, ó sì le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Lánlọ́ọ̀dù gbọ́, ó lé e jáde. Ó gbé ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbé ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀ oògùn láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Nígbà tí wọ́n wá sọ pé mo ti bọ́, mo wá mú ẹ. O kúnlẹ̀, o ní, 'Ẹ káàsán, mà,' bí ẹni ń kí àlejò. Ojú tì mí. Mo sọ pé tó bá dọ̀la, màá sọ fún ẹ. Ọ̀la yẹn ò sì dé."

Kò sunkún. Èmi ni mo sunkún, mo gbé orí lé orúnkún rẹ̀ tó ń ta sánsán, mo sunkún bí ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo ní kí arábìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa wá jókòó tì í, mo sì wọ mọ́tò lọ sí Ifo. Ẹ̀gbọ́n màmá mi ti darúgbó, ó ń sá ẹ̀gẹ́ sórí àpò nígbà tí mo dé. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo ní màmá mi ti sọ fún mi. Ó gbé ẹ̀gẹ́ sílẹ̀, ó jókòó.

"Ó mú mi búra," ó ní. "Ó ní kò sẹ́ni tó máa fẹ́ ọmọ oníkọ́ ife. Ṣé o rántí búrẹ́dì tí mo máa ń fún ẹ lọ́jọ́ ọjà?"

Mo rántí. Búrẹ́dì tó máa ń gbóná.

"Ìyá ẹ ló ń gbé e wá nígbà tó padà sẹ́nu iṣẹ́, tí kò tíì parí oògùn. Á gbé e fún mi, á wá lọ dúró lódìkejì ojú irin, lẹ́yìn kíóṣì àwọn tó ń ta epo bẹntiróò, títí iléèwé yín á fi jáde. Tó o bá ti kọjá, á lọ. Mo ní kó wá kí ẹ. Ó ní tó o bá rí òun, o máa sáré wá dì mọ́ òun, òun ò sì ní lè lé ẹ."

Nígbà tí mo padà dé Lotto, màmá mi gbọ́ ìró ẹsẹ̀ mi. "O lọ wádìí mi, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ó rẹ́rìn-ín. "Èmi náà ìbá wádìí. Ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́? Ṣé ara ẹ̀ le?"

Mo fẹ́ pa gbogbo ìkà Oníkùukùu rẹ́, kí n sọ ọ́ di ẹni mímọ́. Màmá mi ò gbà. "Má yìn ín jù," ó ní. "Ohun tó ń bà á lẹ́rù, òótọ́ ni. Àmọ́ kò sọ̀rọ̀, ìyẹn ò dáa. Kọ méjèèjì." Báyìí la ṣe jọ kọ ìpín tó kẹ́yìn, èmi ń tẹ̀, òun ń sọ. Èémí Oníkùukùu máa ń sọ iwin di ẹni tó lè kú. Ó ti rí i lára ọkọ rẹ̀, bí ewé ṣe ń rọ. Ìdí tó fi fa ìkùukùu sáàárín òun àti ọmọ rẹ̀ nìyẹn. Ọmọ náà dé ẹsẹ̀ òkè pẹ̀lú ogun rẹ̀, ó dá ogun dúró, ó kígbe béèrè ohun tó ń ba ìyá rẹ̀ lẹ́rù. Ìyá náà dáhùn. Ọmọ náà sì ju idà sílẹ̀, ó la ìkùukùu kọjá, ó dì mọ́ ọn. Irun funfun kan hù lórí ọmọ náà lójú ẹsẹ̀.

"Ṣé ó mọ̀ pé òun máa kú?" màmá mi béèrè nígbà tí mo kà á tán.

"Ó mọ̀, mà."

"Ó sì lọ dì mọ́ ọn."

"Ó dì mọ́ ọn."

Ó wá ní, "Jẹ́ kí irun funfun yẹn máa pọ̀ díẹ̀díẹ̀. Kí wọ́n jọ pẹ́."

Àwọn òǹkàwé kan bínú, wọ́n ní mo ti ba ìtàn jẹ́, pé ìjà làwọn ń retí. Kò dùn mí. Láti kékeré ni mo ti ń jowú àwọn iwin torí pé wọn kì í kú. Ẹ̀yìn òjò yẹn ni ó tó yé mi pé àwọn tí kì í kú nìkan ló lè di ọ̀rọ̀ sínú fún ọgọ́rùn-ún ọdún láìpàdánù nǹkan kan. Èmi àti màmá mi pàdánù ọdún tó pọ̀, ọdún ọmọdé mi, ọdún agbára tirẹ̀, kò sì sí òrìṣà tó máa dá a padà. Ojú rẹ̀ ti là báyìí, ó ń rí mi kedere, a sì máa ń sọ ohun gbogbo fúnra wa, títí kan èyí tí kò tó sọ. Tí ẹnì kan bá ṣe ohun tó dùn mí lónìí, mi kì í jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà ṣú kí n tó lọ bá a, kí n jókòó, kí n béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ ohun tó ń bà á lẹ́rù.